Olóyè Tí Kò Ní Àṣírí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí Olóyè Olúdayọ̀ Ṣómúyìwá. Bí a kò bá kí i, ìtàn yìí kò ní lè gun àtẹ̀gùn.

Òun ni Ọ̀gá Àgbà Àjọ Ìmọ̀dájú, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Yábàá, tí kò jìnnà sí ojú irin. Ìpele mẹ́rìnlá ni àtẹ̀gùn ilé náà ní. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlá á dúró sórí ìpele mẹ́rìnlá, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oríkì kan lẹ́nu. Bí Olóyè bá gbé ẹsẹ̀ lé ìpele kìíní, ẹni tó wà níbẹ̀ á ké pé, "Balógun!" Lórí èkejì, "Ọ̀mọ̀wé láìwọ yunifásítì!" Lórí ẹ̀kẹta, "Ẹni tí mínísítà ń bẹ̀rù!" Báyìí ni wọ́n á ṣe kí i títí dé òkè, níbi tí Christianah, akọ̀wé àdáni rẹ̀, á ti kúnlẹ̀ pé, "Iná tí ń tàn fún kọ̀ǹpútà!"

Kọ̀ǹpútà Olóyè wà lórí tábìlì rẹ̀. Wọ́n fi léèsì funfun bò ó. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé, kò tíì fojú kan iná.

Ní ọjọ́ kan, Teslim tó ń tẹ ìwé lọ sin bàbá rẹ̀, kò sì sí ẹni tó rántí pé òun ló ni ìpele keje. Olóyè gun dé ibẹ̀, ibẹ̀ pa kẹ́kẹ́. Ó dúró. Kò lè lọ sókè, nítorí wọn kò tíì kí i. Kò lè padà sísàlẹ̀, nítorí ọ̀gá kì í padà. Ogún ìṣẹ́jú ló fi wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè, ẹsẹ̀ kan nísàlẹ̀, títí wọ́n fi sáré pe mẹ́gáàdì wá láti ẹnu géètì. Mẹ́gáàdì kò mọ oríkì kankan. Ó wo ọ̀gá, àánú ṣe é. Ó ní, "Ẹ kú ìdúró, sà."

Olóyè gbà á. Láti ọjọ́ náà, "Ẹ kú ìdúró" di oríkì ìpele keje.

Ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Ìjọba ló ń sanwó àtẹ̀gùn yẹn, owó yín sì ni.

Iṣẹ́ àjọ náà gan-an kò le. Ní ọdún 1997 tí mò ń sọ yìí, ètò kọ̀ǹpútà kan wà lókè òkun tó ń ti ọ̀rọ̀ pa. Bí o bá kọ orúkọ ènìyàn sínú kọ̀ǹpútà, ètò yìí á sọ ọ́ di àmì rúdurùdu tí ẹnikẹ́ni kò lè kà, àfi ìwọ tí o mọ ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣí i. Àwọn ará Yábàá ń pè é ní àgádágodo. Orílẹ̀-èdè tó ṣe é kà á mọ́ ohun ìjà, bí ìbọn àti ọta, wọn kì í sì í jẹ́ kó jáde nílé wọn bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé àwọn báǹkì wa àti àwọn ilé ìtọ́jú aláìsàn lè fi wáyà tẹlifóònù fà á wá, bí ìjọba tiwa bá ti lè jẹ́rìí pé ẹni tó ń gbà á ni ẹni tó pe ara rẹ̀.

Wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ìlà méjì ni. Ìlà kìíní: orúkọ rẹ àti àdírẹ́sì rẹ. Ìlà kejì: mi ò ní fún ẹlòmíràn.

Olóyè wo ìlà méjì náà títí. Ó ní, "Ṣé èmi ni wọ́n fi ìlà méjì ránṣẹ́ sí?"

Ó ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó jáde, ìlà méjì ti di ojú ìwé mọ́kàndínlógún. Ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó bẹ̀rẹ̀, "kí ni àgádágodo?"

Wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ló ń bi.

"Ohun tí a fi ń ti nǹkan ni! Ta ní ń ti nǹkan? Ẹni tó ní nǹkan! Ta ló yẹ kó mọ ohun tó ní? Ìjọba! Ta sì ni ìjọba?"

"Ẹ̀yin ni, sà!"

"Ẹ ṣeun. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí i gbayawu. Èmi á wọlé. Èmi á jókòó. Èmi á wò yíká. Bí mo bá ti jáde tán, kó wá máa tì í."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Christianah fi áńkáṣíìfù nu ojú tí kò tutù.

Fọ́ọ̀mù náà béèrè orúkọ ìyá bàbá rẹ. Ó béèrè yàrá tí o ń sùn, aago tí o ń jáde nílé, ohun tó wà nínú ilé rẹ àti ibi tó wà. Ojú ìwé kẹrìnlá ní kí o kọ gbogbo ohun tí o fẹ́ tì pa sílẹ̀, lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́. Ojú ìwé kẹrìndínlógún ní kí o kọ oyè rẹ àti ẹgbẹ́ rẹ nílùú, kí o sì fi ránṣẹ́ sílé kí àwọn ará ilé rẹ jẹ́rìí sí i. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, wọn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ìta, níwájú títì, fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, bí ìgbà tí kóòtù bá ń lẹ orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Ẹni tó bá ní àtakò, kó wá sọ ọ́.

Mánéjà báǹkì kan ní Sùúrùlérè ló kọ́kọ́ kọ tirẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n lẹ̀ ẹ́, àwọn olè dé ilé rẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, torí ojú ìwé kẹfà ti sọ pé kì í sí nílé nígbà náà. Wọ́n gbé tẹlifíṣàn, wọ́n gbé rédíò. Wọ́n wá bá ọmọ ọ̀dọ̀ wí.

"Firíìjì kejì ńkọ́?"

"Firíìjì kejì kẹ̀? Ọ̀kan la ní."

"Má purọ́ fún wa, àbúrò. Méjì ni ọ̀gá rẹ kọ sí ojú ìwé kẹsàn-án."

Mánéjà wá fẹjọ́ sun Olóyè. Olóyè bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní èyí fi hàn pé àwọn aráàlú ń ka ìwé ìjọba.

Báyìí ni nǹkan ṣe wà nígbà tí Làbákẹ́ Akínọlá wọlé ní ọjọ́ Ajé kan. Nọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀. Ó ti ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ báyìí, lẹ́bàá Ojúẹlẹ́gbà. Ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn ó lé méjìlá ni orúkọ wọn wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, pẹ̀lú èsì ẹ̀jẹ̀ wọn. Púpọ̀ nínú wọn ló ní àìsàn tí àwọn ènìyàn kì í pè sókè. Nígbà tó ń kọ ọ́ sínú ìwé, ẹnì kan ti jí ìwé náà kà, wọ́n sì lé obìnrin kan kúrò nínú ilé tó háyà. Ìdí nìyí tó fi fẹ́ àgádágodo.

Teslim gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣí i wò.

"Àǹtí, ojú ìwé kẹrìnlá ṣófo o."

"Mo mọ̀."

"Àwọn orúkọ tí ẹ fẹ́ tì pa ló yẹ kó wà níbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá kọ wọ́n síbẹ̀ tí ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri, kí ni mo tún ń tì pa?"

Teslim wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àwa náà ti bi ara wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé mo sọ."

Wọ́n mú un gòkè lọ bá Olóyè. Olóyè fi ìka méjì gbé ojú ìwé kẹrìnlá sókè bí ẹni tó rí irun nínú ọbẹ̀.

"Màdáàmù, kí lèyí?"

"Orúkọ àwọn aláìsàn ni wọ́n ní kí n kọ, sà. Tiwọn ni. Kì í ṣe tèmi láti kọ."

"O fẹ́ fi nǹkan pa mọ́ fún ìjọba?"

"Fífi nǹkan pa mọ́ ni àgádágodo kúkú wà fún, sà."

"Gbọ́ bó ṣe ń fọ èsì! Christianah, ṣé ò ń gbọ́?"

"Mò ń gbọ́, sà. Orí mi ti wú."

Olóyè dìde. Ó gbé ọwọ́ kan sókè, ó gbé èkejì lé léèsì kọ̀ǹpútà. "Èmi Olúdayọ̀, mo ti wo ojú àwọn ọ̀gágun, ojú mi ò ṣẹ́. Ṣé òfo bébà kan ni yóò wá wò mí níran? Rárá! Títí di ọ̀sán Ẹtì. Bí orúkọ kò bá tíì pé, àwọn òṣìṣẹ́ mi á gbé kọ̀ǹpútà rẹ wá síbí. Àwa fúnra wa á yọ orúkọ inú rẹ̀, àwa fúnra wa á lẹ̀ ẹ́. Bí a bá sì débẹ̀ tí a kò bá a, mo ti ilé iṣẹ́ rẹ pa nìyẹn."

Ní ọjọ́ kejì ó rán àwọn òṣìṣẹ́ méjì lọ ṣọ́ kọ̀ǹpútà náà. Àwọn méjèèjì kò tíì rí kọ̀ǹpútà rí àfi ti Olóyè, abẹ́ léèsì sì ni ìyẹn ń gbé. Wọ́n wo ilé àyẹ̀wò náà yíká. Wọ́n rí ohun kan tó tóbi, tó funfun, tó ń kùn. Wọ́n lẹ bébà ìjọba mọ́ firíìjì tí Làbákẹ́ ń kó ẹ̀jẹ̀ sí, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì síwájú rẹ̀, wọ́n jókòó. Làbákẹ́ la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ó tún pa á dé.

Ọjọ́rú ni Bàbá Akínyẹlé dé. Káfíńtà rélùwéè ni kó tó fẹ̀yìn tì, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ló ń gbé. Ó kí àwọn tó ń ṣọ́ firíìjì, ó gba inú lọ.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́."

"Bàbá, ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jókòó."

"Mi ò ní pẹ́. Mo gba Yábàá kọjá. Mo rí ògiri yẹn." Ó ṣí fìlà, ó ń yí i lọ́wọ́. "Orúkọ Margaret, ṣé ó ṣì wà nínú ẹ̀rọ yìí?"

"Ó wà níbẹ̀, sà."

"Oṣù kẹsàn-án rèé tó ti lọ."

"Mo mọ̀, sà."

"Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá. Wọ́n kọrin. Wọ́n ní obìnrin rere ni." Ó tún yí fìlà náà lẹ́ẹ̀kan. "Òun ló ní kí n má sọ ohun tó ṣe é. Mi ò sọ. Àwọn ọmọ gan-an ò mọ̀. Ṣé ẹ ò lè pa á rẹ́?"

"Àkọsílẹ̀ òun àti tiyín ni wọ́n so pọ̀, Bàbá. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ oògùn tí n óò fún yín, àti ọjọ́ tí n óò tún ẹ̀jẹ̀ yín yẹ̀ wò. Bó ṣe rí fún gbogbo àwọn yòókù nìyẹn. Bí mo bá pa á rẹ́, mo pa wọ́n lára."

Bàbá mi orí. Ó dé fìlà padà.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lẹ ìyàwó mi mọ́ ògiri."

"Mi ò ní gbà, sà," ni Làbákẹ́ wí. Kò tíì mọ bí òun ṣe fẹ́ ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ká padà sí Yábàá, nítorí ohun kan ti ń jẹ Olóyè lọ́kàn láti àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ti fèrèsé yọjú, ó rí èrò níwájú ògiri. Àwọn kan ń tọ́ka. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín.

"Christianah, ta ni wọ́n ń kà?"

"Mánéjà báǹkì ni, sà."

"Títí di báyìí?"

"Wọ́n gbádùn rẹ̀ gan-an, sà. Àwọn kan wá láti Mọ́ṣín."

"Láti Mọ́ṣín." Olóyè kúrò lójú fèrèsé. "Èmi ńkọ́? Mo ti wà ní Yábàá yìí láti ìgbà wo? Ta ló wá láti Mọ́ṣín láti wá ka èmi?"

Christianah rí àyè. "Sà, ẹ dárí jì mí, ẹkún ni mo ń sun lójoojúmọ́ tí mo bá rí ògiri yẹn. Kékeré ń bẹ níbẹ̀, ńlá ò sí níbẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ pin. Olóyè pinnu pé òun náà á kọ fọ́ọ̀mù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ohunkóhun tó fẹ́ tì pa, kò sì ní kọ̀ǹpútà tó ń tàn. Kì í sì í ṣe bébà. Ó pe àwọn tó ń kun pátákó, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí pákó tó ga ju ènìyàn méjì lọ, ní àwọ̀ wúrà. Ó ní kí wọ́n pe Akọ̀wé Àgbà láti ilé-iṣẹ́ ìjọba tí àjọ náà wà lábẹ́ rẹ̀ wá ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní ọ̀sán Ẹtì. Bí wọ́n bá ti ṣí i tán, kí ọkọ̀ gba ibẹ̀ lọ gbé kọ̀ǹpútà obìnrin yẹn wá, kí ayẹyẹ lè dùn.

Ó dáhùn gbogbo ìbéèrè. Ní ojú ìwé kẹrìnlá ó kọ ọ́ pé, *Èmi kò ní àṣírí.* Níbi ọjọ́ ìbí, ó kọ 1942, bó ṣe wà nínú fáìlì.

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Fáìlì ìjọba àti ìyá Olóyè kò bí i lọ́dún kan náà. Ìyá rẹ̀ bí i ní 1929. Nígbà tó rí i pé òun ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, tí òṣìṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn tì, ó lọ búra ní kóòtù, kóòtù sì tún un bí ní 1942. Ìrọbí náà kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ.

Báwo ni irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣe lè wá fi ojú ìwé kẹrìndínlógún ránṣẹ́ sílé? Mo ti ro ó. Àyè oyè ló wà níbẹ̀. Bí Olóyè bá ti rí àyè tí wọ́n ń kọ oyè sí, ojú rẹ̀ kì í rí nǹkan mìíràn mọ́. Òun ni Balógun ẹgbẹ́ rẹ̀ nílùú wọn ní Ìjẹ̀bú. Ó kọ ọ́ gàdàgbà, ó ní kí dírẹ́bà gbé e lọ sílé kí wọ́n jẹ́rìí sí i. Àwọn àgbàlagbà gbà á, wọ́n kà á, inú wọn dùn. Wọ́n ní ẹ̀rí orí bébà kéré jù fún Balógun àwọn. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀.

Ọ̀sán Ẹtì dé. Èrò kún títì títí dé ẹnu ojú irin. Akọ̀wé Àgbà dé, ọkùnrin tín-ín-rín kan tó wọ awò ojú, tí oòrùn ń dà láàmú. Làbákẹ́ náà dé, fọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́wọ́, ojú ìwé kẹrìnlá ṣì ṣófo. Lẹ́bàá géètì, ọkọ̀ tó fẹ́ lọ gbé kọ̀ǹpútà ti ń gbin.

Bọ́ọ̀sì kékeré kan dúró. Àwọn bàbá arúgbó mẹ́jọ sọ̀ kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ọ̀pá ṣáájú, ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e.

"Dayọ̀!" ni ẹni tó ṣáájú ké. Ọládipúpọ̀ ni orúkọ tirẹ̀. "Dayọ̀ọ̀! Ibi tí o wà nìyí!"

Christianah sáré pàdé rẹ̀. "Bàbá, Olóyè ni a ń pè é níbí o."

"Ta ni? Dayọ̀ tí mo kọ́ ní ìlúwẹ̀ẹ́?"

Olóyè dì mọ́ wọn. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò ronú. Wọ́n ṣí aṣọ lójú pákó. Àwọ̀ wúrà tàn, èrò pariwo. Christianah wá ka ìlànà: ẹni tó bá ní àtakò, kó sọ ọ́ nísinsìnyí. Olóyè rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé àgbọ̀n sókè kí àwọn oníwèé-ìròyìn lè ya fọ́tò.

"Mo ní àtakò," ni Làbákẹ́ wí.

Gbogbo ènìyàn yíjú.

"Ojú ìwé kẹrìnlá yín ṣófo, sà. Tèmi náà ṣófo. Kí ló dé tó fi jẹ́ kọ̀ǹpútà tèmi ni ọkọ̀ yẹn fẹ́ lọ gbé?"

"Tèmi kò ṣófo! Mo kọ ọ́ síbẹ̀ gbàǹgbà pé n kò ní àṣírí!"

"Ta ló jẹ́rìí sí i, sà?"

"Ìbéèrè gidi!" ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn. "Màdáàmù, ẹ má gbà fún un!"

Olóyè na ọwọ́ sí àwọn àgbàlagbà mẹ́jọ. Èébú náà ti dùn ún. "Ẹlẹ́rìí? Àwọn ènìyàn mi rèé! Wọ́n mọ̀ mí láti kékeré. Ẹ bi wọ́n ní ohunkóhun. Ohunkóhun ni mo wí!"

Akọ̀wé Àgbà fẹ́ tètè kúrò nínú oòrùn. Ó ní, "Bàbá, ṣé òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà lórí pákó yìí?"

Bàbá Ọládipúpọ̀ wọ awò ojú. Ó sún mọ́ pákó. "Orúkọ, òótọ́ ni. Balógun, òótọ́ ni. Ọjọ́ ìbí..." Ó dúró. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ wá wo nǹkan! Ẹni tó kun pákó yìí ti ṣàṣìṣe o. Ó ní 1942."

"1942 kẹ̀?" ni òmíràn wí. "Ṣebí ọdún yẹn ló já bọ́ lórí igi àgbọn?"

"Ọdún yẹn ni! Ẹ̀yìn mi ni mo fi pọ̀n ọ́n délé. Ó wúwo, ó ń ké bí ewúrẹ́."

Akọ̀wé Àgbà yọ awò ojú tirẹ̀. "Ẹ ní ó já bọ́ lọ́dún tí wọ́n bí i?"

"Kì í ṣe láti inú ìyá rẹ̀, sà. Láti orí àgbọn ni."

Èrò ń rọ́ síwájú. Òógùn bo Olóyè. Ó fi ẹ̀rín bo òógùn. "Sà, ẹ má dá wọn lóhùn. Àwọn bàbá mi ni wọ́n, ọjọ́ ogbó ti dé. Wọ́n ń gbàgbé."

"Bàbá ta ni?" Ọ̀pá Bàbá Ọládipúpọ̀ kan ilẹ̀. "Dayọ̀, èmi ni bàbá rẹ? Oṣù mẹ́ta péré ni mo fi jù ọ́!" Ó kọjú sí Akọ̀wé Àgbà. "Ẹ jẹ́ kó yé yín, sà. Ní Ìjẹ̀bú, ọjọ́ orí la fi ń kó ẹgbẹ́ jọ, régberégbe là ń pè é. Àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún mẹ́ta kan náà ló ń ṣe ẹgbẹ́ kan. Tiwa, 1928 sí 1930 ni. Ẹni tí wọn ò bí nígbà yẹn ò lè bá wa jókòó, áḿbọ̀sì kó jẹ Balógun wa. Bó bá jẹ́ ọmọ 1942 lóòótọ́, ó ti rẹ́ wa jẹ. Ọmọdé ni. Kó kó oyè wa sílẹ̀, kó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré."

Akọ̀wé Àgbà ronú díẹ̀. Oòrùn tilẹ̀ ti kúrò lọ́kàn rẹ̀.

"Ó yé mi. Olóyè, ọ̀rọ̀ kò le. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ 1942, iṣẹ́ yín ń dúró dè yín ní ọjọ́ Ajé. Ẹ kàn sọ fún àwọn bàbá yìí pé ẹ kì í ṣe Balógun wọn."

Ẹ wò ó, ẹ̀yin àti èmi mọ ohun tó yẹ kó sọ. Christianah mọ̀ ọ́n. Ewúrẹ́ tó ń kọjá lọ mọ̀ ọ́n. Olóyè náà mọ̀ ọ́n. Ó la ẹnu. Ó ní, "Ọmọ 1942 ni..."

Bàbá Ọládipúpọ̀ kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Ó yíjú sí ẹni tó dúró tì í, bàbá kúkurú kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. "Ó dáa. Ìwọ ni Balógun wa láti òní lọ."

Bàbá kúkurú náà rẹ́rìn-ín. Ó tún fìlà rẹ̀ dé. Ó na ẹ̀yìn, ó wo èrò lọ́tùn-ún, ó wò wọ́n lósì, bí ẹni tó ti ń múra ọjọ́ náà láti ogójì ọdún.

Olóyè rí i. Ó gbìyànjú láti mú un mọ́ra. Kò lè mú un mọ́ra.

"Ta ní Balógun?" Ohùn rẹ̀ là dé òdìkejì títì. "Ta ló pe ìyẹn ní Balógun? Èmi ni Balógun! Ọdún 1929 ni wọ́n bí mi! Gbogbo Yábàá, ẹ gbọ́! Oṣù kẹrin, ọdún 1929!"

Àwọn oníwèé-ìròyìn kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó kun pákó, tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ, gun àkàsọ̀ lọ tún ọdún náà kọ láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Akọ̀wé Àgbà ka ìka díẹ̀. Ó na ọwọ́ sí Olóyè.

"Ẹ ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, sà. Ẹ kú iṣẹ́."

Christianah ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé Àgbà ló kọjú sí.

Àwọn àgbàlagbà kò bínú mọ́. Wọ́n mú Olóyè wọ bọ́ọ̀sì wọn, wọ́n sì fún un ní ìjókòó iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, nítorí Balógun ni. Bàbá kúkurú lọ jókòó sẹ́yìn. Ó fa fìlà bo ojú títí wọ́n fi délé.

Àwọn tó ni fọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í já tiwọn kúrò lára ògiri. Mánéjà báǹkì fi èékánná họ tirẹ̀ títí dórí ìrépé bébà tó kẹ́yìn. Akọ̀wé Àgbà ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó wà ní géètì, ó sì bi Teslim léèrè ohun tí àwọn tó ni àgádágodo béèrè gan-an. Teslim yọ ìlà méjì àkọ́kọ́ jáde láti inú dúrọ́ọ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò lo èyí?"

"Wọ́n ní ó kéré jù, sà."

Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà ni Làbákẹ́ ti kọ orúkọ rẹ̀ àti àdírẹ́sì rẹ̀, tó sì fọwọ́ sí i pé òun ò ní fún ẹlòmíràn.

Ó gba wáyà tẹlifóònù ní wákàtí márùn-ún kó tó fa ètò náà dé, ó sì já lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá Akínyẹlé wá sí Ojúẹlẹ́gbà. Làbákẹ́ gbé àga sí iwájú kọ̀ǹpútà fún un. Orúkọ Margaret wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀ àti èsì rẹ̀. Làbákẹ́ tẹ bọ́tìnnì kan. Gbogbo rẹ̀ di àmì rúdurùdu.

Bàbá tẹ̀ síwájú. Ó fi ìka tọ àwọn àmì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni ń wá ibi tí pákó ti sán.

"Ṣé ẹ̀yin lè kà á?"

"Àfi bí mo bá ṣí i, sà."

"Ẹlòmíràn ńkọ́?"

"Kò sí, sà."

Bàbá fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Ẹ bá mi ṣí i lẹ́ẹ̀kan sí i."

Làbákẹ́ ṣí i. Orúkọ náà padà wá. Bàbá wò ó. Kò fọwọ́ kàn án.

"Ó ti tó," ó wí. "Ẹ tì í."